Níbo Ni Ó Yẹ Kí Sẹ́ńsọ̀ Ooru Jókòó Sí Nínú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀?

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá mi bàjẹ́, èmi ni mo sọ pé kò sí nǹkan kan.

Ìgbà ìsinmi ni. Kọ̀ndọ́ bàbá mi kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ni mo bá tẹ̀ lé e. Danfó ni bàbá mi ń wà láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Mo gba owó lọ́wọ́ àwọn èrò tán, mo wá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe kọjá Fídítì, ó ní, “Bá mi wo géèjì yẹn dáadáa, mò ń gbọ́ òórùn nǹkan.” Mo wò ó. Ọwọ́ géèjì tó máa ń dúró ní àárín gbùngbùn ti wálẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí wọ́n kọ C sí. Inú mi dùn. Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Ó ti tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.” Bàbá mi gbà mí gbọ́, ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ rárá tí èéfín funfun fi bo iwájú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì kú, kò sì jí mọ́.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, ó ní tọ́ọ̀pù sílíńdà ti tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì sì ti jó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ọkọ̀ náà fi wà lórí igi ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá mi ti kó àjọ ní oṣù yẹn, ó sì ti ya owó ìdánwò àṣekágbá mi sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Owó náà ni wọ́n fi ra àwọn ohun èlò tí wọ́n nílò. Kò sí ẹni tó bá mi wí. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n bá mi wí.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé n kò parọ́. Ohun tí géèjì fi hàn mí ni mo sọ. Báwo ni ẹ́ńjìnnì ṣe lè máa jó, kí géèjì máa sọ pé ó tutù? Mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì ló fi ohun tó fà á hàn wá. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ ooru omi fún géèjì ti bàjẹ́. Ríwáyà kan tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ rí i pé àwọn ìlà inú ihò tí wọ́n ń dè é sí lára tọ́ọ̀pù sílíńdà ti jẹ. Sẹ́ńsọ̀ tuntun kò le mú. Ó fi bóòtì dí ihò náà pa. Ó wá gé rọ́bà òkè tó ń gbé omi lọ sínú redíétọ̀, ó ki páìpù irin kékeré kan sí àárín rẹ̀, ó sì de sẹ́ńsọ̀ tuntun mọ́ páìpù yẹn. Nítorí pé rọ́bà kì í gbé iná, ó fi wáyà kan so páìpù náà mọ́ bọ́dì ọkọ̀. Géèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Gbogbo wa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ọjọ́ Fídítì, rọ́bà ìsàlẹ̀ ló ya. Omi ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, rọ́bà òkè ni ó kọ́kọ́ gbẹ. Sẹ́ńsọ̀ wá dá dúró nínú afẹ́fẹ́, kò sí omi kankan tó kàn án mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń jó, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń fẹ́ sí páìpù tí sẹ́ńsọ̀ wà, ó sì ń tutù. Òótọ́ ni sẹ́ńsọ̀ sọ. Ibi tí ó wà ni kò dára.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bèèrè pé: ta ló kọ́kọ́ sọ pé orí ẹ́ńjìnnì ni kí sẹ́ńsọ̀ ooru wà? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Olùkọ́ físíìsì wa ràn mí lọ́wọ́, mo sì ka ìwé. Mo rí i pé ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn èèyàn fi wa ọkọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sẹ́ńsọ̀ sí orí ẹ́ńjìnnì. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ níbí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1886 ni Karl Benz, ọmọ Jámánì, forúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Epo tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná ju ohun tí irin lè fara dà lọ, nítorí náà omi ni ó fi ń tù ú. Ṣùgbọ́n omi ọkọ̀ yẹn kì í yípo lọ tutù kí ó sì padà wá bí i ti òde òní. Ṣe ni ó máa ń hó, tí èéfín rẹ̀ sì máa ń gbé ooru lọ sójú ọ̀run. Bí omi bá ti ń lọ báyìí, èèyàn gbọ́dọ̀ máa bu òmíràn sí i.

Ìyàwó rẹ̀, Bertha Benz, ló fi èyí han gbogbo ayé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ó gbé ọkọ̀ náà ní ìdájí láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, Eugen àti Richard, ni wọ́n jọ lọ láti Mannheim sí Pforzheim, ibi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìrìn náà tó nǹkan bí 100 kìlómítà, ìyẹn sì ju lílọ bíbọ̀ Ìbàdàn sí Fídítì lọ dáadáa. Ní Wiesloch, ilé ìtajà oògùn ni ó ti ra epo. Ní ti omi, ibi gbogbo tí wọ́n bá ti rí i ni wọ́n ń dúró sí láti pọn ọ́n sínú ọkọ̀. Bertha kò ní géèjì. Ojú àti etí rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí ó yẹ omi wò, nítorí náà kò sí ohun tó lè purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè máa sọ̀ kalẹ̀ báyẹn lójoojúmọ́ ayé rẹ̀?

Ní ìparí ọdún 1900, Wilhelm Maybach, tí ó ń bá iléeṣẹ́ Daimler ṣiṣẹ́ ní Jámánì, gbé redíétọ̀ tuntun kan jáde lára ọkọ̀ Mercedes àkọ́kọ́. Ó to àwọn ọ̀pá kéékèèké tó lé ní 8,000 jọ bí afárá oyin, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú wọn kọjá, kí omi sì máa ṣàn ní àárín wọn. Pẹ̀lú redíétọ̀ yìí, omi kan náà ni ó ń yípo, ìwọ̀nba díẹ̀ ni èèyàn sì nílò. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ó mú ewu tuntun wá. Omi ti wọ inú irin lọ, ó ti fara pamọ́. Awakọ̀ kò rí i mọ́.

Nígbà tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Model T ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1908, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ náà kò ní pọ́ǹpù omi rárá. Omi gbígbóná máa ń gòkè fúnra rẹ̀, omi tútù á sì wálẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, bí omi àmàlà ṣe máa ń yí nínú ìkòkò kí ó tó hó. Ó lé ní mílíọ̀nù 15 Model T tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1927. Ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìra ohun kan kún un kò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù àfi tí èéfín bá ń jáde ní iwájú. Nígbà tí èèyàn bá sì rí èéfín, ó ti pẹ́ jù. Èmi náà mọ èyí dáadáa.

Ní ọdún 1912, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Harrison Boyce gba ìwé àṣẹ fún ohun kan tí wọ́n pè ní MotoMeter. Tamọmítà ni, èyí tí wọ́n dè mọ́ ìdérí redíétọ̀. Nígbà yẹn, ìdérí redíétọ̀ máa ń wà níta gbangba ní ṣóńṣó iwájú ọkọ̀. Nítorí náà, láti orí ìjókòó rẹ̀, awakọ̀ lè rí bí omi pupa inú tamọmítà náà ṣe ń gòkè tàbí tí ó ń wálẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ó tilẹ̀ di ohun ọ̀ṣọ́. Sẹ́ńsọ̀ ti rí ibi jókòó nìyẹn: orí redíétọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibẹ̀ dáadáa. Ìdérí wà lókè omi ni, kò sí nínú omi. Èéfín àti afẹ́fẹ́ tó wà lórí omi ni MotoMeter ń wọ̀n. Ẹni tó bá ti se oúnjẹ rí mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Èèyàn lè na ọwọ́ sókè ìkòkò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó má bó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ ki ọwọ́ bọ omi híhó. Omi máa ń gbé ooru fún nǹkan ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Bí omi redíétọ̀ bá lọ sílẹ̀, ohun tí tamọmítà ń wọ̀n ti jìnnà sí i. Bí omi bá tán pátápátá, ẹ́ńjìnnì lè jó nígbà tí tamọmítà ń sinmi lókè.

Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo gbé ìwé sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Fídítì nìyẹn. Àléébù tó wà lára ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún 1912 ni ríwáyà tún gbé wá sínú ọkọ̀ bàbá mi, láìmọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wá láti ibi tí n kò rò. Ní ọdún 1849, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Eugène Bourdon, ṣe ọ̀pá irin kan tí ó tẹ̀ bí ìwọ̀. Bí nǹkan inú rẹ̀ bá ń tì í, ọ̀pá náà á máa nà, bí títì náà bá dín kù, á tún ká padà. Ó ṣe é láti fi wọ̀n agbára èéfín omi nínú àwọn ẹ́ńjìnnì ńláńlá ayé ìgbà náà. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mú ọgbọ́n yìí lò. Wọ́n rọ nǹkan olómi kan tí kì í pẹ́ hó, tí wọ́n ń pè ní ether, sínú irin kékeré bí ìka ọwọ́, wọ́n de irin náà mọ́ orí ẹ́ńjìnnì kí ó lè wọ inú omi níbẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá tín-ín-rín bí okùn so ó mọ́ géèjì iwájú awakọ̀. Bí omi bá gbóná, ether á wú, á ti ọ̀pá Bourdon, ọwọ́ géèjì á sì gbéra. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1930 sí 1940, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti ń fi redíétọ̀ àti ìdérí rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ayé MotoMeter lọ, sẹ́ńsọ̀ sì kó lọ sí orí ẹ́ńjìnnì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ orí? Nítorí pé ibẹ̀ ni iná ń jó sí. Òkè sílíńdà ni epo ti ń gbiná, ibẹ̀ sì ni irin ti ń gbóná jù. Omi tó bá ti yí ara sílíńdà ká tán, orí ni ó máa ń gbà jáde lọ sí redíétọ̀. Nítorí náà omi ẹnu ọ̀nà yẹn ni ó gbóná jù nínú gbogbo ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ẹnu ọ̀nà ni kí ó dúró sí, kí ó má lọ dúró sí ìta ọjà. Àǹfààní kejì ni pé irin orí náà ń gbóná. Bí omi bá tilẹ̀ dín kù, sẹ́ńsọ̀ tó wà lára irin yẹn ṣì lè gbọ́ díẹ̀ lára ooru rẹ̀, èyí tí sẹ́ńsọ̀ àárín rọ́bà kò lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ tamọ́sítáàtì tún wà níbẹ̀. Tamọ́sítáàtì ni ilẹ̀kùn tó máa ń dá omi dúró sínú ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi gbóná tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó máa ń ṣí nígbà tí omi bá dé nǹkan bí 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ wà sí ilẹ̀kùn yìí. Bí ó bá wà ní ìhà kejì, nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, omi tútù tí kò lọ tí kò bọ̀ ni yóò máa fi ọwọ́ kàn. Bí tamọ́sítáàtì bá sì há tí kò ṣí mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa hó, géèjì á máa sọ pé àlàáfíà ni.

Láti orí ether, wọ́n bọ́ sí iná mànàmáná. Ní ọdún 1833, Michael Faraday ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkíyèsí pé ohun kan tí ń jẹ́ silver sulfide máa ń jẹ́ kí iná kọjá dáadáa sí i bí ó bá ṣe ń gbóná sí i. Èyí yà á lẹ́nu, nítorí pé òdì kejì rẹ̀ ni irin máa ń ṣe. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1930, kí Samuel Ruben ti Amẹ́ríkà tó gba ìwé àṣẹ fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, tí a mọ̀ sí thermistor lónìí. Òun ló wà nínú sẹ́ńsọ̀ ọkọ̀ wa. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, bí omi bá wà ní 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdènà iná inú rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 2,500 ohm. Bí omi bá dé 80, á ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 300 ohm.

Ní ọdún 1967, iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ yìí tún pọ̀ sí i. Bosch gbé ẹ̀rọ D-Jetronic jáde, èyí tó ń fi iná mànàmáná pín epo fún ẹ́ńjìnnì, Volkswagen 1600 sì ni ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lò ó. Ẹ́ńjìnnì tutù nílò epo púpọ̀, ẹ́ńjìnnì gbígbóná kò nílò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ooru. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn kò ní omi rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, bíi ti ìbátan rẹ̀ tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, tí iléeṣẹ́ Volkswagen ní ọ̀nà Badagry ní ìpínlẹ̀ Èkó tò jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1975. Níbo wá ni wọ́n de sẹ́ńsọ̀ sí nígbà tí kò sí omi? Orí ẹ́ńjìnnì náà ni, sínú irin gan-an. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi jù. Omi kọ́ ni à ń wá. Ooru orí ẹ́ńjìnnì ni à ń wá, ìránṣẹ́ lásán ni omi.

Ní òde òní, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní OBD-II. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lójú ọ̀nà wa ló ní in. Bí ó bá gbé nọ́ńbà P0128 jáde, ohun tó ń sọ ni pé omi kò gbóná tó bó ṣe yẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, tamọ́sítáàtì ló há ní ṣíṣí, tàbí kẹ̀, bí ó ti wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan ti yọ ọ́ sọnù.

N kò kọ èyí láti bú ríwáyà yẹn. Ihò ti jẹ, owó tọ́ọ̀pù pọ̀, bàbá mi sì ní kí ó bá òun ṣe èyí tí agbára òun ká kí òun lè padà sójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ó ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Ó tilẹ̀ rántí wáyà tó so mọ́ bọ́dì. Ohun tí kò mọ̀ ni ìdí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi yan ibi tí wọ́n yàn. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Bí ìtàn kan kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, àṣìṣe inú rẹ̀ á tún ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì wa ṣe, mo bẹ bàbá mi pé kí a gbé tọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ tọ́nà kí ó tó wọlé. Tọ́nà lu ihò náà fẹ̀, ó ki irin tuntun sí i, ó sì gbẹ́ ìlà tuntun sínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó tí ìbàjẹ́ náà ná wa. Sẹ́ńsọ̀ padà sí orí ẹ́ńjìnnì. Súwíìsì tó ń tan fáànù ṣì wà lára redíétọ̀, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀: omi tí redíétọ̀ ti tù ni ó ń yẹ̀ wò, kì í ṣe orí ẹ́ńjìnnì.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, n kò mọ̀ pé ó bá ẹ́ńjìnnì mu.

Bàbá mi san owó ìdánwò mi nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Owó tí ọkọ̀ pa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó padà sójú ọ̀nà ni. Ní ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan báyìí, kí ó tó ṣáná sí ọkọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ó máa ń ṣí ìdérí redíétọ̀ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí omi, bí Bertha Benz ṣe ń ṣe. Bí mo bá sì jókòó tì í lọ́nà Ọ̀yọ́, tí ó ní kí n bá òun wo géèjì, mo máa ń sọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà gan-an fún un. Bí ó bá wálẹ̀ lójijì, n kì í sọ pé ó ti tutù mọ́. Mo máa ń ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.”